Kí ẹ tó pe ọmọ ilé ìwé abúlé ní olódo

Lọ́dọọdún, bí èsì WAEC bá ti jáde nínú oṣù kẹjọ, ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn ọmọ ìlú wa tó wà ní Èkó àti lókè òkun máa ń sọ: "Ilé ìwé yẹn ti bàjẹ́. Àwọn ọmọ yẹn ò mọ nǹkan kan." Wọ́n á ka iye ọmọ tó ní kírẹ́díìtì márùn-ún pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò, wọ́n á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ilé ìwé aládàáni kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n á sì dájọ́. Ìlú kékeré ni ìlú wa, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Igbó, ìlú kòkó, obì àti gàrí. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ilé ìwé girama ìjọba títí mo fi di igbákejì pirinsípà, ibẹ̀ náà ni mo ti fẹ̀yìntì. Ìdájọ́ yẹn máa ń dùn mí wọra. Kì í ṣe pé ilé ìwé wa ò ní àléébù. Ó ní, n ó sì sọ ọ́ láìfi bò. Ohun tó ń dùn mí ni pé ibi tí wọ́n ń wò kọ́ ni ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ kọ́kọ́ wo iye àwọn ọmọ náà. Ní ilé ìwé bíi tiwa, ọmọ méjìlá lè jókòó WAEC lọ́dún kan. Bí mẹ́rin bá yege, ìdá 33 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, bí méje bá yege nínú méjìlá, ó di ìdá 58. Ìlú á yọ̀, wọ́n á ní pirinsípà tuntun ti tún ilé ìwé ṣe. Bẹ́ẹ̀, ọmọ mẹ́ta péré ló fa gbogbo ariwo yẹn. Ọmọ kan ṣoṣo níbẹ̀ lé ní ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ibà bá dá ọmọ kan dúbúlẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò ìṣirò, tàbí tí bàbá ọmọ kan kú láàárín oṣù tí wọ́n ń ṣe ìdánwò, ó ti hàn nínú èsì gbogbo ilé ìwé. Ní ilé ìwé ńlá tí ọmọ 240 jókòó, ọmọ kan kò tó ààbọ̀ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé kí n tó gbà pé ilé ìwé kékeré kan ń gòkè tàbí ó ń relẹ̀, èsì ọdún márùn-ún ni mo máa ń rò pọ̀, n ó wá wo iye tó yege nínú gbogbo àwọn tó jókòó lọ́dún márààrún. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò. Púpọ̀ nínú ohun tí ẹ ń pè ní àrà á pòórá, púpọ̀ nínú ohun tí ẹ ń pè ní ìparun náà á sì pòórá.

Èsì gbogbo Nàìjíríà pàápàá, kì í ṣe ohun tí à ń fi ìkánjú dájọ́ lé. Ní ọdún 2024, WAEC ní ìdá 72.12 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó jókòó ló ní kírẹ́díìtì márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò. Nígbà tó di oṣù kẹjọ ọdún 2025, wọ́n gbé ìdá 38.32 jáde. Ẹ rántí bí gbogbo ilé ṣe gbóná. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, WAEC fúnra rẹ̀ ní àṣìṣe ti wọ inú bí wọ́n ṣe máàkì àwọn iṣẹ́ tí wọ́n to ìbéèrè wọn lóríṣiríṣi kí ọmọ kan má baà wo ti ẹnìkejì. Ìdá náà di 62.96. Ṣùgbọ́n láàárín ọjọ́ díẹ̀ yẹn, a ti bú àwọn ọmọ tán. Mo gbọ́ tí bàbá kan sọ fún ọmọ rẹ̀ lójú ọ̀nà pé owó ilé ìwé òun ti wọ gbó. Mi ò mọ̀ bóyá ó padà bẹ ọmọ náà.

Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, mo ní ìwé kan tí mo máa ń tọ́jú yàtọ̀ sí rẹ́jísítà kíláàsì. Orúkọ gbogbo ọmọ tó bá wọ JSS1 lọ́dún kan ni mo máa ń kọ síbẹ̀. Bí ọmọ kan bá kúrò, n ó fi bírò pupa fa ìlà sórí orúkọ rẹ̀, n ó sì kọ ìdí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́: "Èkó, ọ̀dọ̀ àǹtí rẹ̀." "Télọ̀." "Ó lóyún." "Wọ́n mú un lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde." "Mẹkáníìkì, Orù." "A ò gbúròó rẹ̀ mọ́." Tí àwọn ọmọ ọdún náà bá fi máa dé SS3, ojú ewé náà á ti pupa ju bí ó ti yẹ lọ. Àwọn tí kò ní ìlà lórí nìkan ni èsì WAEC ń sọ̀rọ̀ wọn.

Ìwé yẹn ló là mí lójú. Lẹ́yìn ìdánwò JSS3, àwọn òbí tó bá rí owó díẹ̀ máa ń kó ọmọ wọn lọ sí ilé ìwé tó ní ilé ìgbé ní Ìjẹ̀bú-Òde, tàbí kí wọ́n rán wọn lọ bá ẹ̀gbọ́n ní Àgọ́-Ìwòyè, ní Ṣàgámù, ní Èkó. Àwọn tó mọ̀wé jù ni wọ́n ń kó lọ, torí àwọn ni òbí gbà pé owó kò ní ṣòfò lé lórí. Mi ò dá òbí kankan lẹ́bi. Èmi náà bímọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ: ọmọ tí olùkọ́ wa kọ́ fún ọdún mẹ́ta, tó mọ fraction, tó mọ algebra, tó ń ka ìwé geerege, ilé ìwé mìíràn ni wọ́n máa ka kírẹ́díìtì rẹ̀ fún. Èyí tí kò rí ẹni tó máa gbé e lọ ló jókòó sí tiwa. Tí ẹ bá wá fi àwa àti àwọn wọ̀nyẹn wéra, ẹ̀ ń wo ẹni tó kó èso tó pọ́n lọ, ẹ sì ń bi ẹni tí wọ́n fi àbùkù sílẹ̀ fún pé kí ló dé tí ọjà rẹ̀ ò tà.

Ìbéèrè tó yẹ kí ìlú bi ilé ìwé rẹ̀ ni pé: nínú àwọn tó wọ JSS1 lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, mélòó ló ṣì wà, mélòó ló jókòó, mélòó ló yege? Ilé ìwé tí ọgbọ̀n ọmọ wọ̀, tí mẹ́jọ jókòó, tí gbogbo mẹ́jọ yege, wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún un pé ó gba ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Èmi ò ní pàtẹ́wọ́. Àwọn méjìlélógún yòókù ni n ó kọ́kọ́ béèrè.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe dé ibi tí a wà, torí àwọn ọ̀dọ́ ò mọ̀ ọ́n. Ìjọba Awólọ́wọ̀ sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1955. Nígbà tí ẹgbẹ́ òṣèlú UPN gbàjọba ní ìpínlẹ̀ wa ní 1979, tí Bísí Ọnàbánjọ di gómìnà Ògùn, girama náà di ọ̀fẹ́, ilé ìwé sì bẹ̀rẹ̀ sí í hù káàkiri. Tiwa wà lára wọn. Àwọn bàbá wa fi ilẹ̀ sílẹ̀, àwọn ìyá wa pọn omi tí wọ́n fi po bíríkì. Ìlú tó múlé tì wá ṣe bẹ́ẹ̀, èyí tó tẹ̀ lé e náà ṣe bẹ́ẹ̀, torí kò sí ìlú Ìjẹ̀bú tó máa gbà kí ìlú kejì ní ohun tí òun ò ní. Ohun rere ni. Ọmọbìnrin tí òbí rẹ̀ kò ní jẹ́ kó rìn lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó rí ilé ìwé lẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí lọ sí Èkó, àwọn ilé ìwé yẹn ò ṣí lọ. Wọ́n wà níbẹ̀, ọmọ ń dín kù nínú wọn, olùkọ́ sì ń dín kù tẹ̀ lé ọmọ.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò rò nìyí. Ọmọ tó bá máa ṣe WAEC gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ mẹ́jọ ó kéré tán, mẹ́sàn-án ló pọ̀ jù. Lábẹ́ ètò ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 2011, Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, Civic àti iṣẹ́ ọwọ́ kan di dandan nígbà náà, kí a tó wá dé físíìsì, kẹ́mísìrì, báyọ́lọ́jì, ìwé lítíréṣọ̀, gọ́fúmẹ́ǹtì, ètò ọrọ̀ ajé. Ilé ìwé tó ní ọmọ 90 nílò olùkọ́ físíìsì kan, gẹ́gẹ́ bí èyí tó ní ọmọ 900 ṣe nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n iye ọmọ ni wọ́n ń wò pín olùkọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa rí olùkọ́ báyọ́lọ́jì tó tún ń kọ́ kẹ́mísìrì, tó tún ń kọ́ Civic, tí wọ́n sì tún fi ṣe olùkọ́ kíláàsì. Ẹni náà kì í ṣe ọ̀lẹ. Iṣẹ́ èèyàn mẹ́ta ló wà lọ́rùn rẹ̀.

Àwọn kọ́pà ló máa ń dí àlàfo yẹn. Kí Ọlọ́run bù kún ẹni tó ronú kan NYSC ní 1973, torí láìsí wọn, ọ̀pọ̀ ọmọ wa kò ní mọ bí olùkọ́ físíìsì ṣe rí. Ọdún kan péré ni wọ́n ń lò. Kọ́pà tó mọṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ electricity, ọdún rẹ̀ á pé láàárín táàmù, wọ́n á ya fọ́tò pẹ̀lú àwọn ọmọ, ó dìgbóṣe. Ẹni tó máa rọ́pò rẹ̀ lè jẹ́ ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìtàn.

Nínú gbogbo ohun tí mo rí ní ilé ìwé yẹn, èyí tó yí èsì padà jù lọ ni kí olùkọ́ máa sùn nínú ìlú. Mo mọ̀ pé ó dà bí ọ̀rọ̀ kékeré. Púpọ̀ nínú àwọn olùkọ́ wa ń ti Ìjẹ̀bú-Òde wá. Ọkọ̀ kan dé Ìjẹ̀bú-Igbó, ọ̀kadà ló kù. Bí òjò bá rọ̀ lóru, ọ̀nà náà á yọ̀, ọlọ́kadà á ní òun ò lọ. Olùkọ́ á dé ní aago mẹ́wàá, kíláàsì àárọ̀ ti lọ. Tó bá di aago kan ọ̀sán ó ti ń wojú sánmà. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, owó ọkọ̀ nìkan ń jẹ apá tó pọ̀ nínú owó oṣù wọn. Ẹni tó bá ní kí n bínú sí wọn, mi ò lè bínú sí wọn.

Bẹ́ẹ̀ ni ilé kún ìlú wa. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ìjẹ̀bú, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ: ilé alájà, ilé tó ní géètì onírin, tí àwọn ọmọ ìlú tó wà ní Èkó kọ́ sílẹ̀, tí wọ́n ń ṣí nígbà Iléyá àti Ọdún Kérésì, tí àlàǹtakùn sì ń gbé inú rẹ̀ fún oṣù yòókù. Èmi àti pirinsípà wa ìgbà náà lọ bá olórí ẹbí kan. A ní kí wọ́n fún wa ní yàrá nínú ilé ẹ̀yìn, kí olùkọ́ kẹ́mísìrì wa lè máa gbé ibẹ̀ láìsan owó. Bàbá náà rò ó títí, ó ní, "Tíṣà, tí ọkùnrin yìí bá ba ilé jẹ́ ńkọ́?" Mo ní, "Bàbá, ẹ wá máa wò ó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Tí ẹ bá rí ìdọ̀tí, èmi ni kí ẹ mú." Ó gbà.

Láti ìgbà tí olùkọ́ yẹn ti kó wọlé, ìrọ̀lẹ́ di ìgbà ẹ̀kọ́. Àwọn ọmọ SS2 àti SS3 máa ń bá a níwájú ilé lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Burette, ọ̀pá gíláàsì tí wọ́n fi ń wọn kẹ́míkà olómi, kan ṣoṣo tí kò sán ló kù ní lábù wa. Ó ní kí a má fi kẹ́míkà ṣòfò. Omi ló rọ sínú rẹ̀, ó ń jẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú omi, kó ka nọ́ńbà rẹ̀ dé ipò kejì lẹ́yìn ojúàmì, kí ó tú omi díẹ̀, kó tún kà á. Ó ń ṣe é bẹ́ẹ̀ títí ọwọ́ wọn fi balẹ̀. Kẹ́mísìrì WAEC fún ọmọ ilé ìwé ní ìdánwò àfọwọ́ṣe. Àwọn tó ń forúkọ sílẹ̀ níta ni wọ́n ń fún ní ìwé tí wọ́n máa fi rọ́pò rẹ̀. Ọmọ tó jẹ́ pé ọjọ́ ìdánwò ló kọ́kọ́ di pipette, ọ̀pá gíláàsì tí wọ́n fi ń fa kẹ́míkà, mú, ọwọ́ rẹ̀ á gbọ̀n, máàkì á sì lọ. Lọ́dún yẹn, kò sí èyí tí ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n nínú àwọn tiwa. Ọkùnrin kan tó sùn sí ìlú ló ṣe é.

Ohun kejì tí mo kọ́ jẹ mọ́ iṣẹ́ tèmi gan-an, màá sì fi ara balẹ̀ sọ ọ́. Ọmọbìnrin kan wà ní SS1. Ìyá rẹ̀ ń yan gàrí tà. Láti aago mẹ́rin òwúrọ̀ ni ọmọ náà ti ń bó ẹ̀gẹ́ kó tó wá sí ilé ìwé. Oje ẹ̀gẹ́ ti jẹ èékánná rẹ̀ dúdú. Mo fún kíláàsì ní ìbéèrè kan ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, irú èyí tí WAEC máa ń bi: obìnrin kan ta àpò gàrí kan ní 46,000 náírà, ó jèrè ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún, èló ló rà á? Ọmọ yìí wá ìdá 15 nínú 46,000, ó yọ ọ́ kúrò, ó kọ 39,100. Mo fa ìlà sí i. Gbogbo kíláàsì ló fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ 39,100.

Mo pè é wá síwájú bọ́ọ̀dù. Mo ní kó gbàgbé ìwé, mo ní, "Ìyá rẹ ra gàrí, ó fi ìdá márùn-ún-dín-lógún lé owó tó fi rà á, ó wá tà á ní 46,000. Èló ló rà á?" Ó wò mí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kọ nǹkan sí ẹ̀gbẹ́ síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó ní, "Màmá, tó bá jẹ́ ogójì ẹgbẹ̀rún la rà á, èrè orí ẹ̀ á jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́fà. Ogójì àti mẹ́fà ló di mẹ́rìndínláàádọ́ta. Ogójì ẹgbẹ̀rún ni." Mo bi í pé kí ló dé tí kò ṣe é bẹ́ẹ̀ nínú ìwé. Ó ní òun ò mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń bèèrè nìyẹn.

Ọmọ tí ilé ayé máa pè ní olódo nìyẹn. Ó mọ ìṣirò èrè ju àwọn akọ̀wé bánkì kan lọ. Ìwé ni kò lè kà débi tó máa fi mọ ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pín ìwé ìdánwò àwọn ọmọ sí ọ̀nà méjì: èyí tí wọn ò mọ̀ nítorí ìṣirò, àti èyí tí wọn ò mọ̀ nítorí pé wọn ò lóye ìbéèrè. Òkìtì kejì ló máa ń ga jù. Ẹ wo ìwé kejì ìṣirò WAEC: ìbéèrè mẹ́tàlá, wákàtí méjì àti ààbọ̀. Márùn-ún àkọ́kọ́ di dandan, ọmọ á tún mú márùn-ún nínú mẹ́jọ tó kù. Bí àwọn ọmọ wa bá ti dé apá kejì yẹn, gbogbo ìbéèrè tó bá ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ ni wọ́n máa ń sá fún, wọ́n á lọ bá gíráàfù tí wọn ò mọ̀ tó. Ìjábọ̀ tí àwọn ọ̀gá olùdánwò WAEC máa ń kọ lọ́dọọdún náà ń sọ nípa ìbéèrè oní-ọ̀rọ̀ yìí léraléra. Ọ̀fẹ́ ni ìjábọ̀ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo bẹ gbogbo olùkọ́ tó ń ka èyí: ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá olùkọ́.

Èmi àti olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì wa wá pinnu pé JSS1 la ti máa bẹ̀rẹ̀. Láàárọ̀, kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ọmọ kọ̀ọ̀kan á kàwé sókè fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹnìkejì rẹ̀ á sọ ohun tó gbọ́ ní Yorùbá, wọ́n á tún sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ní kíláàsì ìṣirò, mi ò gbà kí ẹnikẹ́ni kọ nọ́ńbà kankan kó tó sọ ìbéèrè náà fún mi lẹ́nu ara rẹ̀. Ó ń jẹ àkókò. Ọ̀gá kan láti ilé iṣẹ́ ẹ̀kọ́ tó wá bẹ̀ wá wò ní a ò ní parí síláàbọ́ọ̀sì. Òótọ́ ni, a ò parí rẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́. Àwọn ọmọ JSS1 yẹn ni wọ́n jókòó WAEC lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, àwọn ló sì ní èsì ìṣirò tó dára jù nígbà ayé mi níbẹ̀. Kíláàsì àfikún SS3 tí gbogbo ìlú máa ń pariwo ẹ̀ ní oṣù kejì, oṣù kẹta, kò lè ṣe ohun tí ọdún mẹ́fà kò ṣe.

Ọ̀rọ̀ oko náà wà níbẹ̀. Láti oṣù kẹwàá dé oṣù kejìlá ni kòkó ń pọ́n jù, ìgbà yẹn náà ni táàmù kìíní. Àwọn ọmọkùnrin á máa pa kíláàsì jẹ. Nígbà tí owó kòkó fò sókè ní 2024, tí tọ́ọ̀nù kan kọjá ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá dọ́là lọ́jà àgbáyé, ó burú sí i. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tó ń rí owó lọ́wọ́ lóko, báwo lo ṣe fẹ́ sọ fún un pé kó wá kọ́ quadratic? Mo rìn dé ọ̀dọ̀ àwọn bàbá wọn. Ọ̀kan sọ fún mi pé, "Tíṣà, ẹ̀yin náà mọ̀ pé kòkó ò ní dúró de ọmọ." Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ẹ jẹ́ kó wá títí di ìgbà ìsinmi ọ̀sán, kó wá bá yín lóko. Ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì là ń kọ́ láàárọ̀." Ẹ̀kọ́ tó le jù la kó sí àárọ̀ láàárín oṣù mẹ́ta yẹn, a ò sì fi ìdánwò kíláàsì sí ọjọ́ ọjà. Àwọn kan padà wá. Àwọn kan ò padà. Orúkọ àwọn tí kò padà wà nínú ìwé mi pẹ̀lú ìlà pupa.

Ti JAMB, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Láti 2015, orí kọ̀ǹpútà nìkan ni wọ́n ń ṣe é: ìbéèrè 180, wákàtí méjì. Ilé ìwé wa ò ní kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́. Paálí ni mo gé, mo ya kíbọ́ọ̀dù sí i, mo kọ́ wọn ní bọ́tìnnì mẹ́jọ tí JAMB gbà kí ọmọ fi ṣe gbogbo rẹ̀: A, B, C, D fún ìdáhùn, N fún ìbéèrè tó kàn, P fún èyí tó kọjá, S fún ìfisílẹ̀, R fún ìpadàsẹ́yìn. Wọ́n ń tẹ paálí bí ẹni ń tẹ kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rù ò bà wọ́n nígbà tí wọ́n dé ibi ìdánwò. Ṣùgbọ́n kì í ṣe bó ṣe yẹ kí ìlú tó ní ilé alájà tó bẹ́ẹ̀ ṣe máa kọ́ ọmọ rẹ̀ nìyẹn.

Ó ku ọ̀rọ̀ magomágo, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fetí sílẹ̀. Ní agbègbè wa, bí i ti ọ̀pọ̀ ibi, àwọn ibì kan wà tí ẹnu àwọn èèyàn ń pè ní miracle centre. Òbí á san owó lé owó fọ́ọ̀mù, wọ́n á ṣètò bí ìdáhùn á ṣe dé ọwọ́ ọmọ. Àwọn ibẹ̀ ló ń gba ìdá 95, ìdá 98. Nígbà tí ilé ìwé wa kọ̀ láti gba owó irú ẹ̀, tí a ní kí alábòójútó jókòó kó ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ìdá wa lọ sílẹ̀ lọ́dún yẹn, wọ́n sì bú wa ní ìpàdé òbí àti olùkọ́. Ìyá kan dìde, ó ní a fẹ́ fi òdodo pa ọmọ òun. Mo gbọ́ ìrora rẹ̀. Mo tún mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú kíláàsì: láti SS2 ni ọmọ tó ti gbọ́ pé wọ́n máa ṣe é fún òun ti ń pa ìwé dé. Kò sí ẹ̀kọ́ tí o lè fún un mọ́. Mo mọ àwọn kan tó kó A1 ìṣirò lọ sí yunifásítì, tí wọ́n padà wálé kí ọdún kìíní tó parí, tí wọ́n sì gbà títí dòní pé orí àwọn ni kò pé. Bí ilé ìwé kan bá ní ìdá 40 tó jẹ́ òótọ́, tí òmíràn ní ìdá 95 tí wọ́n rà, èwo lẹ máa fi ọmọ yín sí? Mo mọ èyí tí èmi á mú, mo sì mọ̀ pé ó le fún òbí tó ń wo ọmọ rẹ̀ tó jókòó sílé fún ọdún méjì láti gbà pẹ̀lú mi.

Ẹgbẹ́ ọmọ bíbí ìlú wa ní Èkó ń ṣe dáadáa. Wọ́n kun géètì ilé ìwé, wọ́n kọ orúkọ àwọn tó dáwó sára rẹ̀, wọ́n ń fún ọmọ tó bá ṣe dáadáa jù nínú WAEC ní ẹ̀bùn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n pè mí sí ìpàdé wọn kẹ́yìn pé kí n sọ ohun tí owó ọdún yìí lè ṣe, mo sọ fún wọn pé kí wọ́n fi ẹ̀bùn WAEC sílẹ̀ ná. Kí wọ́n ṣí yàrá nínú ilé wọn fún olùkọ́ físíìsì àti ti ìṣirò. Kí wọ́n ra ìwé kíkà fún JSS1, kì í ṣe SS3. Kí wọ́n ra kọ̀ǹpútà tó tó kíláàsì kan àti bátìrì tó máa gbé e, torí WAEC náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo kọ̀ǹpútà fún àwọn tó ń forúkọ sílẹ̀ níta láti 2024, kò sì ní dúró lọ́dọ̀ wọn nìkan. Alága bi mí pé báwo ni àwọn ṣe máa mọ̀ pé owó náà ń ṣiṣẹ́, tó bá jẹ́ pé ọdún mẹ́fà ni èsì rẹ̀ máa gbà. Mo ní kí wọ́n gba orúkọ àwọn ọmọ tó wọ JSS1 ní oṣù kẹsàn-án tó kọjá lọ́wọ́ pirinsípà, kí wọ́n fi pamọ́ sọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́, kí wọ́n sì máa béèrè wọn lọ́kọ̀ọ̀kan ní gbogbo ìpàdé ọdún. Akọ̀wé ti gba orúkọ náà. Ọmọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni.